‘A Ó Tún Jókòó’: Bí Òfin Epo Rọ̀bì Ṣe Bá Wa Tún Ìṣákọ́lẹ̀ Kòkó Ṣe ní Ilé-Ifẹ̀

Ìwé àdéhùn náà kò ju ojú ewé kan lọ, ojú ewé tí wọ́n ya kúrò nínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé lọ́dún 2009. Ìdílé ìyá mi, ní Ìlódè níbí ní Ilé-Ifẹ̀, fún bàbá àgbẹ̀ kan ní igbó lójú ọ̀nà Ìfẹ̀tẹ̀dó kó fi dá oko kòkó. Igbó náà le. Apá kan rẹ̀ jẹ́ àkùrọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dáko níbẹ̀ láti ayé bàbá ìyá mi. Torí náà wọ́n ní kó má san kọ́bọ̀ fún ọdún márùn-ún, títí kòkó yóò fi so. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa san ₦40,000 lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ìwé náà ni wọ́n kọ èyí sí: ‘Bí owó kòkó bá gbéra, a ó tún jókòó.’

A kò jókòó. Láti 2014 ni bàbá ti ń mú ₦40,000 rẹ̀ wá ní gbogbo oṣù kejìlá, òun pẹ̀lú iṣu mélòó kan àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, á gbà á, á wúre fún un, ọdún á tún yí po. Lẹ́yìn náà ni ayé yí. Ní òpin 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kò ju nǹkan bíi $2,500 lọ. Òjò àti àrùn ba ìkórè jẹ́ ní Gánà àti Côte d'Ivoire, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó ayé ti ń wá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2024, owó náà ti kọjá $10,000, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọ̀dọ̀ wa, owó àpò kòkó kan ṣoṣo ju ìṣákọ́lẹ̀ ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn ni ẹbí pe ìpàdé. Àwọn àbúrò mi tí wọ́n wá láti Ìbàdàn àti Èkó gbóná. Ẹnì kan ní kí bàbá kó ẹrù rẹ̀. Àwọn yòókù ní kó má lọ, ṣùgbọ́n kó máa san àpò kòkó mẹ́ta lọ́dún, bí òjò rọ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn sì gbẹ ilẹ̀. Bàbá dọ̀bálẹ̀ kí olórí ẹbí, ó dìde, ó ní: ‘Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, mi ò ní kí ẹ má gba tiyín. Ṣùgbọ́n kòkó tó gòkè yìí ń bọ̀ wá sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe nígbà tí wọ́n tú kòkó bọ́ọ̀dù ká ní 1986: owó gòkè, ó sì tún wálẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ sí àpò mẹ́ta lónìí, kí ni n ó fi jẹun lọ́jọ́ tó bá wálẹ̀?’

Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn wo ìwé náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìṣirò owó-orí epo ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ṣe ní Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì wálé. Nígbà tí mo ka ìlà tó kẹ́yìn, orí mi wú. Mo mọ gbólóhùn yẹn. Mo ti rí i rí nínú òfin ilẹ̀ wa, mo sì mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè yìí ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú àpótí. Ìdí tí mo fi kọ ìtàn náà sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní royalty kò ṣàjèjì sí ọmọ Ifẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Òfin sọ pé ìjọba ló ni epo tó wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá wà á gbọ́dọ̀ yọ ti onílẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àgbá tó bá jáde, ì báà jèrè, ì báà má jèrè. Owó-orí lórí èrè yàtọ̀. Ìyẹn ń dúró kí ẹni náà yọ ìnáwó rẹ̀ ná. Òfin 1959 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ga débi ìdá 85 nínú 100 èrè àwọn tó ń wa epo lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ìṣákọ́lẹ̀ ìdá 20 nínú 100 lórí epo náà fúnra rẹ̀.

Ní 1993, ìjọba fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ inú ibú òkun. Igbó líle tiwọn nìyẹn. Irinṣẹ́ ibẹ̀ wọ́n bí ojú, owó àgbá epo kò tó $20, ìjọba kò sì lówó tí yóò fi bá wọn dáwó pọ̀. Wọ́n bá ṣe àdéhùn pé kí ilé-iṣẹ́ ná owó ara rẹ̀, kó kọ́kọ́ fi epo gba owó náà padà, kí wọ́n wá pín èyí tó bá kù. Wọ́n dín owó-orí èrè kù sí ìdá 50. Ìṣákọ́lẹ̀ ń kéré bí omi ṣe ń jìn: ìdá 12 tí ibú bá ju 200 mítà lọ, ìdá 8 tó bá kọjá 500, ìdá 4 tó bá kọjá 800. Tó bá ti ju 1,000 mítà lọ, òdo. Ìjọba ológun sọ ọ́ di òfin ní 1999, wọ́n sì ní kó mú láti 1993.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí òdo yẹn. Ẹni tó bá máa wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí, ó yẹ kí onílẹ̀ fi sùúrù fún un, gẹ́gẹ́ bí ìdílé wa ṣe fún bàbá ní ọdún márùn-ún. Ohun tó ń dùn mí wà ní abala 16. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ‘a ó tún jókòó’ tiwọn sí: bí owó àgbá bá ju $20 lọ, lẹ́yìn tí a bá ti yọ bí agbára owó ṣe ń dínkù kúrò, kí wọ́n tún ìpín ìjọba ṣe lórí àlékún náà, kí àdéhùn lè ṣe ìjọba láǹfààní.

Ẹ wo bí ó ṣe lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ òfin yẹn, àgbá epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ nínú ìjábọ́ tó gbé e dé nǹkan bíi $10. Ní 2000 ó ti kọjá $20. Nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú ibú òkun wa, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Bonga ní 2005, ní Agbami ní 2008, Agbami sì wà nínú omi tó jìn ju 1,000 mítà lọ. Ní oṣù keje 2008, àgbá kan dé $147. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń san owó-orí èrè, ìjọba sì ń gba ìpín tirẹ̀ nínú epo tó ṣẹ́ kù. N kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ orí omi tó jìn bẹ́ẹ̀ jẹ́ òdo nígbà tí àgbá jẹ́ $18, ó sì jẹ́ òdo nígbà tó jẹ́ $147.

Kò sí ẹni tó jókòó. Òfin náà sọ pé kí wọ́n tún ìpín ṣe, kò sọ iye tí wọn yóò tún un dé. Kò sọ ọjọ́ tí ìpàdé gbọ́dọ̀ wáyé lẹ́yìn tí owó bá ti kọjá $20. Ẹni tí àǹfààní ń bá kò ní láti rán onílẹ̀ létí, àwọn tó ń dúró fún onílẹ̀ sì ń wọlé, wọ́n ń jáde. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Rivers, Bayelsa àti Akwa Ibom, gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù kẹwàá 2018 ni ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ohun tí abala 16 wí. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 2019. Láàárín ìgbà yẹn ni ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ jẹ òun ní $62 bílíọ̀nù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n jiyàn lé e lórí, nígbà tí a lè ti fi ìlà mẹ́ta tí ó mọ́ kedere dènà ìjà náà ní 1999.

Bí mo ṣe sọ èyí fún ẹbí nìyẹn, mo sì rí i pé àwọn àbúrò mi dákẹ́. Ìyá àgbà ló béèrè ìbéèrè tó yẹ: ‘Nígbà tí wọ́n wá tún un ṣe, kí ni wọ́n kọ?’

Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì sì dára ju ti ìṣáájú lọ. Òfin 2019 fi ìṣákọ́lẹ̀ ìdá 10 sórí epo inú ibú, ó sì fi òmíràn lé e tó ń tẹ̀lé owó ọjà: òdo títí dé $20, ìdá 2.5 láti ibẹ̀ dé $60, ìdá 4 dé $100, ìdá 8 dé $150, ìdá 10 tó bá kọjá ìyẹn. Àtẹ̀gùn ni. Ìyọnu àtẹ̀gùn ni pé ẹsẹ̀ lè yọ̀ níbi tí ìpele kan ti parí. Tí a bá ka ìdá yẹn sórí gbogbo owó àgbá, àgbá tó jẹ́ $100 yóò san $4; tó bá di $101, yóò san $8.08. Owó fi dọ́là kan gòkè, ẹni tó wa epo sì pàdánù ju dọ́là mẹ́ta lọ. Ta ni kò ní wá ọgbọ́n tí yóò fi máa ta ọjà rẹ̀ ní $99? Òfin epo tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 2021 sọ àtẹ̀gùn náà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lábẹ́ $50, òdo. Ní $100, ìdá 5. Tó bá kọjá $150, ìdá 10. Láàárín wọn, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀: $75 yóò san ìdá 2.5, $125 yóò san ìdá 7.5. Èyí dúró lórí ìṣákọ́lẹ̀ tí kì í yí pẹ̀lú owó ọjà, ìdá 15 lórí ilẹ̀, ìdá 12.5 níbi tí òkun kò jìn. Kò sí ẹni tó ní láti pe ìpàdé kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí owó bá gòkè lóru, ìṣákọ́lẹ̀ ti gòkè kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá wálẹ̀, òun náà á wálẹ̀.

Wíwálẹ̀ yẹn ni àwọn àbúrò mi kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní àpò mẹ́ta dára nítorí pé ó dájú. Mo ní kí wọ́n rántí Àgbẹ́kọ̀yà. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa dìde ogun nítorí owó-orí tí wọn kò lè san láti inú ohun tí kòkó ń mú wọlé fún wọn. Òkè mẹ́fà, ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn á san. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Olórí ẹbí, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, mi orí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Epo náà ní irú rẹ̀. Nígbà tí àgbá jábọ́ ní 1986 láti òkè $25 dé nǹkan bíi $10, owó-orí ìdá 85 kò fi nǹkan gidi sílẹ̀ fún ẹni tó ń wà á mọ́, ìjọba sì ní láti bá àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe àdéhùn mìíràn tó fi ọkàn wọn balẹ̀ pé wọ́n á rí èrè $2 lórí àgbá kan. Òfin tí kò mọ bí a ti ń wálẹ̀, ẹnì kan ní láti fọwọ́ fà á wálẹ̀, tó bá sì di ọ̀rọ̀ kí a fọwọ́ fà á, ẹni tó lágbára jù ló máa ń fà á síbi tó wù ú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èyí jìnnà sí Ifẹ̀. Ní àárín 2014, àgbá ju $110 lọ. Ní oṣù kìíní 2016 kò tó $30. Láàárín ìgbà náà, ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́, ń gba ààbọ̀ owó oṣù, a sì ń ra gàárì ní kóńgò níbi tí a ti ń ra àpò tẹ́lẹ̀. Ní 2020, wọ́n ti gbé ìṣúná orílẹ̀-èdè lé $57 fún àgbá kan kí kòrónà tó dé. Wọ́n tún un gbé lé $28.

Àbúrò mi obìnrin kan, ọlọ́gbọ́n gidi, ní kí ló dé tí a kò kúkú pín èrè: kí bàbá yọ ìnáwó rẹ̀ tán, kí a wá gba ìdá kan nínú èyí tó kù. Lóòótọ́, ọ̀nà yẹn ló bá ìdájọ́ òdodo mu jù. Norway ń gba ìdá 78 nínú èrè epo, àwọn ilé-iṣẹ́ kò sì sá lọ, nítorí ìjọba náà ń gbà lára àdánù bí ó ṣe ń gbà lára èrè. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìwé ìṣirò tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi nínú àríyànjiyàn lórí ìnáwó: iye tí páìpù jẹ́, ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ẹni náà kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Ibẹ̀ ni owó ìjọba ti ń jò jù. Òfin 2021 náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi ààlà sí i pé ìnáwó tí a ó yọ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 65 nínú 100 owó tó wọlé. Bàbá kì í kọ ìwé ìnáwó. Tí a bá ní kó máa kọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ni yóò máa kọ ọ́, àwa ni yóò sì máa fura. N kò fẹ́ ìfura láàárín wa.

Nítorí náà a gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n náírà wo ni a ó fi wọ̀n ọ́n? Ẹ rántí pé $20 ti 1999 ní láti jẹ́ $20 tí agbára rẹ̀ kò yí padà, ìyẹn gan-an sì jẹ́ ohun tí ènìyàn lè jiyàn lé lórí. Tí a bá kọ iye náírà sínú ìwé wa lónìí, ọdún mẹ́ta sí i kò ní ní ìtumọ̀ mọ́. Ìyá àgbà ló já koko yẹn fún wa, inú mi sì ń dùn títí di òní pé òun ni. Ó ní: ‘Owó àpò kòkó kan, iṣẹ́ alágbàro ọjọ́ mélòó ni yóò san?’ Owó alágbàro ń gòkè pẹ̀lú owó oúnjẹ, gbogbo ẹni tó ní oko ló sì mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe kọ ọ́ nìyí. Ìdá 5 nínú 100 ìkórè jẹ́ ti ìdílé, bí ọjà ti wù kó rí. Lórí ìyẹn, tí owó àpò kan kò bá lè gbà ju alágbàro ogún ọjọ́ lọ, kò sí àfikún. Tó bá lè gba ọgọ́ta ọjọ́, àfikún ìdá 5. Tó bá dé ọgọ́rùn-ún ọjọ́, àfikún ìdá 10, kò sì ní kọjá bẹ́ẹ̀. Láàárín wọn, a ó ṣe ìṣirò rẹ̀. Iye tí àwọn mẹ́ta tó ń ra kòkó ní ìlú bá dá lé e ní ọ̀sẹ̀ tí a ń wọ̀n ọ́n la ó rò pọ̀, a ó sì pín in sí mẹ́ta, kì í ṣe iye tí bàbá bá sọ, kì í sì í ṣe èyí tí àwa bá gbọ́ lórí rédíò. Nínú epo náà, ìjọba ló ń gbé iye tí a ó fi ṣírò kalẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ má baà ta á ní ẹ̀dínwó fún ẹ̀ka ara rẹ̀ lókè òkun kó sì wá san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ẹ̀dínwó náà.

Àfikún yẹn, a kì í pín in jẹ. Òfin 2021 sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ tó ń tẹ̀lé owó ọjà gbọ́dọ̀ lọ sí àpò ìfipamọ́ orílẹ̀-èdè. Mo fẹ́ràn ìyẹn, nítorí mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpò kan ṣáájú rẹ̀: èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004 fún àjẹṣẹ́kù owó epo tó nǹkan bíi $20 bílíọ̀nù ní 2008, ó sì ti gbẹ dé ìsàlẹ̀ $500,000 ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ti ìdílé wa ń lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ènìyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde, obìnrin sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn.

Àtúnṣe òfin 2019 ní kí wọ́n máa yẹ àdéhùn wò ní ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ. Àwa kọ ọdún méjì méjì: ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, bí owó gbéra, bí kò gbéra, kí a jókòó.

Ìkórè 2024, bàbá wọn àpò 25. Àpò kan gba alágbàro ọjọ́ 92. Ìṣirò fún wa ní ìdá 14: àpò mẹ́ta àti ààbọ̀. Ó ju ohun tí àwọn àbúrò mi ń pariwo lé lórí lọ, bàbá sì san án tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kí 2025 tó parí, kòkó ti jábọ́ sí ìsàlẹ̀ $6,000 lọ́jà àgbáyé, owó alágbàro sì ti gòkè. Àpò kan wá gba ọjọ́ 44. Àpò 20 ni bàbá wọ̀n, nítorí òjò mú àrùn wá tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Ìpín wa jẹ́ ìdá 8, àpò kan àti ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Àpò mẹ́ta gbọnrangandan ì bá jẹ́ ìdá 15 nínú ọdún tó burú bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ nǹkan kan wà tí a kò rí ṣáájú. Ní ọjọ́ tí bàbá wá wọn kòkó, ó kó àwọn ike oògùn kòkó tó ti tán wá sínú agbo ilé, ó tò wọ́n sẹ́bàá ògiri, ó ní kí n kà wọ́n. Mo kà wọ́n: mẹ́rìnlélógún. Ọdún tó kọjá, mẹ́sàn-án ni. Kò jiyàn, kò bẹ̀bẹ̀, ó san ìdá 8 rẹ̀ pé pérépéré. Àdéhùn wa mọ ìgbà tí owó bá jábọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí ìnáwó bá gòkè nínú oko, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìṣákọ́lẹ̀ epo tó ń wo owó ọjà nìkan kò ṣe mọ̀ nígbà tí kànga bá ń gbó tí ìnáwó rẹ̀ sì ń pọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta 2026 la ó jókòó. Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo kọ sí ìlà àkọ́kọ́, mo sì ti bẹ bàbá pé kó kó àwọn ike náà wá.